AJ Styles àti Omos: Ìtàn Ẹgbẹ́ Oníjàkadì Méjì àti Ọmọ Tí A Bí ní Èkó

Ìjàkadì ní Èkó ṣáájú ẹgbẹ́ yìí

Ìjàkadì ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa jà á nígbà ọdún, lójú ọba àti àwọn ìjòyè, ìlù a sì máa dún sí i. Òfin rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ni wọ́n dá. Ìlú Ọ̀fà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nídìí eré yìí, débi pé ìjàkadì wọ inú oríkì ìlú náà. Iyì àti orúkọ ni ẹni tí ó bá borí máa ń gbà lọ sílé.

Èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní rẹ́sílíǹ yàtọ̀ sí ìyẹn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Òǹwòran ń sanwó, ilé-iṣẹ́ ń gba oníjàkadì síṣẹ́, wọ́n sì ti fẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé sọ lulẹ̀ ṣubú ní tòótọ́, ara sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n agbára nìkan kọ́ ni a fi ń díwọ̀n oníjàkadì níbẹ̀. Ohun tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni bí ó ṣe mọ ìtàn-án fi ara sọ tó, tí ọkàn òǹwòran kò fi ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní Erékùṣù Èkó, Oníkan ni eré ìdárayá ìgbàlódé ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba amúnisìn kọ́ pápá ìṣeré King George V sí ní àwọn ọdún 1930, èyí tí ń jẹ́ Mobolaji Johnson Arena lónìí. Nítòsí rẹ̀ ni pápá eré ẹṣin wà, kí wọ́n tó kọ́ Tafawa Balewa Square sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1972. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó fẹ́ wòran lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè sí Sùúrùlérè fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá ré kọjá afárá lọ sí òdìkejì ọ̀sà.

Àsìkò náà ni rẹ́sílíǹ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù ni Michael Okpala, ọmọ Neni ní ilẹ̀ Ìgbò, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Power Mike. Nígbà tí ó fi ìjà sílẹ̀, ó di olùṣètò ìjà, ó sì ń kó àwọn oníjàkadì òkèèrè wá sí Nàìjíríà. Power Uti náà lókìkí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà kò ní ilé-iṣẹ́ tí ó lè dúró bí olùṣètò kan bá ti fẹ̀yìn tì. Bí owó ṣe ń wọ́n tí ìjà ìbílẹ̀ sì ń dín kù, àwòrán ìjà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ipò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọlé nípasẹ̀ tẹlifíṣọ̀n àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó, lẹ́yìn náà nípasẹ̀ tẹlifíṣọ̀n alásanwó. Àbájáde rẹ̀ ni pé láti àwọn ọdún 1990, orúkọ àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà ti dé ẹnu ọmọdé ní Èkó ju ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ. Àárín àsìkò yìí ni a bí ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ìtàn yìí dá lé.

Bí ìjà eléèyàn méjì ṣe ń lọ

Ó yẹ kí a mọ òfin irú ìjà yìí kí a tó tẹ̀ síwájú, nítorí òfin náà ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ṣeé dá sílẹ̀. Ènìyàn méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ láti jà lẹ́ẹ̀kan. Èkejì yóò dúró lẹ́yìn okùn ní igun tirẹ̀, yóò di okùn kúkúrú kan tí a so mọ́ òpó igun náà mú. Àyàfi bí ẹni tí ń jà bá na ọwọ́ kàn án ni ó tó lè wọlé. Bí ó bá ti wọlé, ẹni tí ń jáde gbọ́dọ̀ kúrò kí rẹfirí tó ka ení dé àrún. Ẹgbẹ́ tí ó bá tẹ èjìká alátakò mọ́lẹ̀ títí rẹfirí fi ka ení, èjì, ẹ̀ta ló borí.

Nínú òfin yìí ni ọgbọ́n ìjà náà ti wá. Àwọn alátakò a máa sapá láti há ẹnì kan mọ́ igun tiwọn, kí ó má baà ráyè fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó ni ara òǹwòran ń wà lọ́nà fún ìfọwọ́kàn náà. Ohun kejì ni pé ètò yìí gba ẹgbẹ́ láàyè láti pín iṣẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jà lè gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjà náà, kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ wọlé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ó ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì jáde.

AJ Styles

Allen Neal Jones ni orúkọ àbísọ AJ Styles. A bí i ní 2 oṣù Kẹfà, ọdún 1977, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ó sì dàgbà ní ìlú Gainesville ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjàkadì ní ọdún 1998. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ TNA bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, ó wà lára àwọn oníjàkadì tí wọ́n bá a bẹ̀rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ gba bẹ́líìtì X Division wọn. Ó lo nǹkan bí ọdún méjìlá níbẹ̀. Ní ọdún 2014, ó lọ sí New Japan Pro-Wrestling ní Japan, ó di olórí ẹgbẹ́ Bullet Club, ó sì gba bẹ́líìtì IWGP lọ́wọ́ Kazuchika Okada ní oṣù Karùn-ún ọdún náà.

Ó fara hàn ní WWE, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjàkadì tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 24 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2016. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 38 nígbà náà. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ó ti gba bẹ́líìtì àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Ó tún un gbà ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ó sì dì í mú fún ọjọ́ 371. Ó gba bẹ́líìtì ti Amẹ́ríkà ní 2017 àti Intercontinental ní 2020. Nígbà tí ó fi di òpin ọdún 2020, bẹ́líìtì ẹgbẹ́ eléèyàn méjì nìkan ló kù tí yóò gbà láti wọ inú ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n ti gba gbogbo bẹ́líìtì ńlá ilé-iṣẹ́ náà. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò ga, kò sì sanra bí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń bá jà.

Omos

Tolúlọpẹ́ Ọmọgbẹ̀hìn ni orúkọ Omos. A bí i ní Èkó ní 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 1994. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà, gíga rẹ̀ sì mú kí ó di agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà ní Yunifásítì South Florida ní ìlú Tampa, lẹ́yìn náà ní Morgan State ní Baltimore. WWE kéde gíga rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 3, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní 400 pọ́n-ùn.

Ilé-iṣẹ́ náà gbà á síṣẹ́ ní ọdún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Orlando. Ìwọ̀nba ìjà kéékèèké ni ó tíì jà nígbà tí àrùn Kòrónà dé. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020, WWE ń ṣe eré rẹ̀ láìsí òǹwòran ní gbàgede, ó sì ń wá ọ̀nà tuntun láti mú kí ètò orí tẹlifíṣọ̀n fani mọ́ra. Nínú àyípadà yìí ni wọ́n ti rí iṣẹ́ fún ọkùnrin gíga náà. Ní oṣù Kẹfà, ó fara hàn nínú ẹgbẹ́ àwọn tó bojú lẹ́yìn Akira Tozawa. Ní oṣù Kẹjọ, òun ni wọ́n fi dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú apá ètò kan tí wọ́n pè ní Raw Underground. Kò jà nínú méjèèjì. Ìrísí rẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀ka ńlá méjì ni WWE pín àwọn oníjàkadì rẹ̀ sí: Raw àti SmackDown. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n tún àwọn ènìyàn pín, wọ́n sì gbé Styles láti SmackDown lọ sí Raw. Ní 19 oṣù náà, ó jáde pẹ̀lú ọkùnrin gíga kan tí ó wọ kóòtù, tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ni wọ́n pè é.

Àǹfààní wà níbẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Styles rí ẹni tí yóò máa dẹ́rù ba àwọn alátakò rẹ̀. Omos rí àyè láti dúró nítòsí ìjà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹni tí ó ti lò ju ogún ọdún nídìí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìdíje Royal Rumble ti 31 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2021, ó dúró lẹ́bàá okùn, ó sì fa Big E àti Rey Mysterio jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lára àwọn tí ń díje.

Ní 15 oṣù Kẹta, Kofi Kingston àti Xavier Woods, tí a mọ̀ sí The New Day, gba bẹ́líìtì ẹgbẹ́ eléèyàn méjì ti Raw lọ́wọ́ Shelton Benjamin àti Cedric Alexander. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Styles àti Omos jáde sí wọn tí wọ́n sì pè wọ́n níjà. Báyìí ni ẹ̀ṣọ́ ṣe di akẹgbẹ́.

Alẹ́ Tampa

Ìjà náà wáyé ní 10 oṣù Kẹrin, ọdún 2021, ní pápá ìṣeré Raymond James ní Tampa, ní alẹ́ àkọ́kọ́ WrestleMania 37. Ó lé ní ọdún kan tí òǹwòran ti wọ gbàgede WWE kẹ́yìn. Àwọn tó wá ní alẹ́ náà lé ní 25,000. Òjò tilẹ̀ dá eré dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì ni wọ́n kojú ara wọn ní òdìkejì. Ghana ni a ti bí Kofi Kingston, òun náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí a bí ní Áfíríkà tí ó gba bẹ́líìtì àgbà WWE, ní 7 oṣù Kẹrin, ọdún 2019. Èkó ni a ti bí Omos, ìjà yìí sì ni ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí Raw tàbí SmackDown tàbí nínú ìdíje ńlá èyíkéyìí.

Bí wọ́n ṣe to ìjà náà fi ìrònú wọn hàn. Styles ló bẹ̀rẹ̀. The New Day há a mọ́ igun tiwọn, wọ́n sì ń dènà kí ó má lè dé ọ̀dọ̀ Omos, tí ó dúró jẹ́ẹ́ sí igun rẹ̀, okùn lọ́wọ́. Nígbà tí Styles ráyè fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ yí padà. Omos gbá ẹni méjèèjì dànù bí wọ́n ṣe ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn náà, Styles gun èjìká rẹ̀, ó fò láti ibẹ̀ lu ọ̀kan nínú àwọn alátakò. Omos wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé Kingston sókè, ó sọ ọ́ lulẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé e láyà, rẹfirí sì ka ẹ̀ta. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Styles ló ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Omos ló parí rẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ pọ̀. Styles ti wá gba gbogbo bẹ́líìtì ńlá tí ó kù fún un. Ọmọ tí a bí ní Èkó sì di bẹ́líìtì WWE mú ní ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ìpele yẹn. Ní alẹ́ kejì, Apollo Crews, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, gba bẹ́líìtì Intercontinental lọ́wọ́ Big E. Ẹni tí ó jáde láti ràn án lọ́wọ́ ni Babatunde Aiyegbusi, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí a bí ní Poland, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n fún ní orúkọ Commander Azeez. Ó tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ní alẹ́ méjì tẹ̀léra, òmìrán kan tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ló lọ́wọ́ nínú bí ìjà tí a fi gba bẹ́líìtì ṣe parí.

Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú bẹ́líìtì

Láti 12 oṣù Kẹrin, WWE kó ètò rẹ̀ lọ sí Yuengling Center, gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Yunifásítì South Florida, títí di oṣù Keje. Omos tipa bẹ́ẹ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní bẹ́líìtì lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jà ní Tampa ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Styles ló ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ń sáré, tí ó ń jìyà. Omos a wọlé, a gbá ilẹ̀ mọ́. Ní 18 oṣù Keje, ní Fort Worth ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n borí The Viking Raiders, wọ́n sì pa bẹ́líìtì wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú ètò náà. Kò sí ẹni tí ó lè borí Omos láìba iyì òmìrán náà jẹ́, nítorí náà bí ìjákulẹ̀ bá máa dé, orí Styles ni yóò ti gbà wọlé. Àwọn alátakò tí wọ́n bá lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nìkan ni ọ̀nà wà fún.

Randy Orton àti Riddle, tí wọ́n pe ara wọn ní RK-Bro, ló rí ọ̀nà náà. Ní 21 oṣù Kẹjọ, ní SummerSlam ní Las Vegas, wọ́n gba bẹ́líìtì. Styles àti Omos ti lo ọjọ́ 133 pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti gbà á padà ní Riyadh ní Saudi Arabia ní 21 oṣù Kẹwàá, wọn kò rí i gbà.

Ìtúká

Lẹ́yìn tí bẹ́líìtì lọ, ohun tí ó so wọ́n pọ̀ dín kù. Omos ti bọ́ lọ́wọ́ kíkọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn okùn, ilé-iṣẹ́ sì fẹ́ mọ bóyá ó lè dá dúró. Ní Survivor Series, 21 oṣù Kọkànlá, ní Brooklyn, ó borí nínú ìjà àjùmọ̀jà oníjàkadì 25, ó sì ju ènìyàn 12 jáde fúnra rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní 20 oṣù Kejìlá, òun àti Styles pàdánù sí Rey Mysterio àti ọmọ rẹ̀, Dominik. Omos bá kọjú ìjà sí akẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 3 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, àwọn méjèèjì jà, Omos sì borí. Ẹgbẹ́ náà parí síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jáde.

Ohun tí ó tẹ̀lé e

Nígbà tí Omos dá dúró, ìmọ̀ tí Styles ń fi bò ó tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. MVP di agbẹnusọ rẹ̀. Wọ́n fún un ní àwọn ìjà ńlá, ó sì pàdánù púpọ̀ nínú wọn: sí Bobby Lashley ní WrestleMania 38 ní ọdún 2022, sí Braun Strowman ní Riyadh ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, sí Brock Lesnar ní WrestleMania 39 ní 2 oṣù Kẹrin, ọdún 2023, àti sí Seth Rollins ní Puerto Rico ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ìjà ẹnì kan ṣoṣo ń béèrè pé kí ènìyàn gbé gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí igun tí yóò ti sinmi. Ìjà eléèyàn méjì ló tún gbé e dé ipò ọlá: ní 1 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, ní gbọ̀ngàn Nippon Budokan ní Tokyo, òun àti Jack Morris gba bẹ́líìtì GHC ti ilé-iṣẹ́ Pro Wrestling Noah.

Styles náà padà sí irú ìjà yìí. Bẹ́líìtì ẹgbẹ́ eléèyàn méjì ti Raw gba orúkọ tuntun ní ọdún 2024, World Tag Team Championship. Ní 20 oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Styles àti Dragon Lee, ọmọ Mexico, gbà á. Ó ti di ẹni ọdún 48 nígbà náà, ó sì tún jẹ́ àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó kéré sí i.

Ní Èkó, ìlú tí a bí Omos sí, àyè ọmọ Nàìjíríà nínú iṣẹ́ náà ti yí padà lákòókò kan náà. WWE ṣe ìdánwò láti ṣàwárí oníjàkadì ní Èkó ní ọdún 2023. Isaac Odugbesan, ẹni tí a tún bí ní Èkó, tí ó jẹ́ ajùrin ní Yunifásítì Alabama, gba orúkọ ìjà Oba Femi. Ó gba bẹ́líìtì North American ti ẹ̀ka NXT ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ó dì í mú fún ọjọ́ 273, ó sì gba bẹ́líìtì àgbà NXT ní 7 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Omos: NXT, ẹ̀ka àwọn tí ń kọ́ṣẹ́, ni wọ́n ti jẹ́ kí ó jà fúngbà pípẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú.

Tí a bá fi ọ̀nà méjèèjì wéra, a ó rí ohun tí ẹgbẹ́ Styles àti Omos lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ó gbé ẹni tí kò tíì jà tó dé orí bẹ́líìtì láàárín oṣù mẹ́fà, nítorí pé ó pín iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí agbára kálukú ṣe mọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ẹnì kan ń rù fún ẹnìkejì kì í bá ẹni tí a ń rù ú fún lọ nígbà tí wọ́n bá pínyà. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tí ó fa ìjákulẹ̀ tí ó bá Omos láàárín 2022 sí 2023, kí ó sì wà lára ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìjà eléèyàn méjì ni ó tún ti rí bẹ́líìtì gbà.